Igbá Tí Kò Fọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé igbá tó fọ́ lọ bá Àtọ́kẹ́ l'Ọ́jà'ba láyé ìgbà yẹn, tó wá la ẹnu sọ pé igbá òun bàjẹ́, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Àtọ́kẹ́ kò ní gba igbá náà bọ̀rọ̀. Yóò kọ́kọ́ gbé òòlu tó fi ń lu ihò sára igbá sílẹ̀, yóò wo onítọ̀hún láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, yóò wá bi í pé, "Kí ló bàjẹ́? Ṣé ó ń rùn ni?"

Ìgbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀. Aṣọ a máa ya, okùn a máa já, igi a máa ṣẹ́. Ọbẹ̀ a máa kan, èlùbọ́ a máa bu, irin a máa dípẹtà, ògiri a sì máa lanu kó tó wó. Igbá ní tirẹ̀, ó lè sán, ó lè lu, etí rẹ̀ lè kán, ó lè fọ́ pátápátá, kò sì sí èyí tí òun Àtọ́kẹ́ kò lè fi ìko gán pọ̀ nínú gbogbo rẹ̀. "Ohun tó bá bàjẹ́, ààtàn là ń dà á sí. Ṣé kí n dà á sí ààtàn ni?" Oníbàárà yóò máa bẹ̀bẹ̀, àwọn aláta tó jókòó nítòsí yóò máa rẹ́rìn-ín, Àtọ́kẹ́ yóò sì gba igbá náà nígbẹ̀yìn, yóò gbé e lé orí itan, yóò máa fi ìka pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ.

Opó ni. Agbo ilé ọkọ rẹ̀ wà ní Bẹyẹrúnká, Bàbá Sàídì, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, ni olórí ilé náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un, Yésúfù, tó ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ. Abọ́ tánńganran ti ń wọ ìlú nígbà náà, àwọn ọmọge kò fẹ́ igbá mọ́, ṣùgbọ́n bí igbá ṣe ń dínkù ni ìgbéraga Àtọ́kẹ́ ń pọ̀ sí i. Igbá tó fọ́ ló ń gba kásẹ́ létí, òwe tí wọ́n fi ń kí i nìyẹn bí wọ́n bá ń kọjá, òun náà a sì mi orí bí ẹni pé òun ni wọ́n dìídì pa á fún. Ẹnu rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ẹnu àti ọwọ́ náà tó láti fi jẹun, bí kì í bá ṣe pé ènìyàn ní láti bá àwọn ènìyàn gbélé.

Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni Yésúfù fẹ́ Sẹ̀gilọlá, ọmọ ilé kan ní Yemẹtu. Àwọn ààfáà ti so yìgì láàárọ̀, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, ó wá ku kí wọ́n mú ìyàwó wọlé ọkọ. Ní agbo ilé yìí, bí ìyàwó bá dé ẹnu ọ̀nà, wọn a fi omi tútù ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn a sì da ojú igbá kan dé sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìyàwó yóò gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, yóò tẹ igbá náà fọ́. Iye àfọ́kù tí wọ́n bá kà nílẹ̀, iye ọmọ tí yóò bí nìyẹn. Àwọn ààfáà a máa kọ ẹ̀yìn sí i, wọn a ní kò sí nínú Kùránì, ṣùgbọ́n àwọn náà a máa na etí gbọ́ iye tí wọ́n kà.

Ẹni tó bá gbọ́n, igbá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń wá fún iṣẹ́ yìí, èyí tí ọmọ ọwọ́ lè jókòó lé kó fọ́. Àtọ́kẹ́ kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ rárá. Ṣé òun onígbá ni yóò gbé igbá yẹ̀yẹ́ síwájú ìyàwó ọmọ òun? Ó gun àjà, ó sọ igbá ńlá kan kalẹ̀, èyí tí èéfín ti ń fín láti ìgbà ayé ìyá rẹ̀, igbá tó nípọn, tó ti pọ́n, tó ń dún kó bí ilẹ̀kùn bí èèyàn bá kàn án. Ó fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán. Inú rẹ̀ dùn ní gbogbo àkókò tó ń fọ̀ ọ́, orin ló ń kọ. Ohun tó dára jù lọ nínú ilé rẹ̀ ló fẹ́ fi pàdé ìyàwó, kò sì rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìrun mọ́gàríbì ni wọ́n mú Sẹ̀gilọlá dé, ìbòrí bo ojú rẹ̀. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Wọ́n ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n mú un dúró síwájú igbá, ó gbé ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Igbá dún gbì, kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ìyàwó ò tíì jẹun o!" Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín dínkù. Ó wá kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ, ó fò lé e, ohun kan sì ta pó lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n gbé igbá náà sókè sí iná àtùpà kí wọ́n lè ka àfọ́kù rẹ̀. Kò sí àfọ́kù kankan. Ìlà tínrín kan ni wọ́n rí, tó ti ìdí igbá lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, igbá sì dì mọ́ra pinpin bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Ó sán ni," Àtọ́kẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

Ọmọdébìnrin kan bèèrè pé mélòó ni kí wọ́n kà báyìí.

Ìyá Gàfárù ló gba igbá náà. Òun ni ìyáálé gbogbo ilé, aya Bàbá Sàídì, òun àti Àtọ́kẹ́ kì í sì í ki ọwọ́ bọ inú àwo kan náà. Ó fi ìka kan igbá náà, ó gbé e wò lọ́wọ́, ó ní, "Àtọ́kẹ́, ṣé igbá yìí ò nípọn jù báyìí?"

Bí Àtọ́kẹ́ bá ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Wọn ì bá fi òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn ì bá wá igbá mìíràn, ọmọ náà ì bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, olúkúlùkù ì bá sì lọ sùn. Àtọ́kẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ̀ láti ìgbà tí igbá ti dún gbì. Ṣùgbọ́n pé kí Ìyá Gàfárù, tí kò mọ akèrègbè yàtọ̀ sí ahá, máa kọ́ òun nígbá lójú àwọn àna! Ara rẹ̀ kò gbà á.

"Ìyá, ẹ fi ti igbá sílẹ̀ fún mi," ló wí. "Igbá mi ò ní àléébù kankan."

"Ó dáa," Ìyá Gàfárù fèsì. "Bí igbá ò bá ní àléébù, ó dáa náà." Ó gbé igbá sílẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ìyàwó. Ni gbogbo wọn bá wo ẹsẹ̀ ìyàwó.

Wọ́n máa ń ki Ìbàdàn ní ìlú tí olè gbé ń jàre olóhun. Ní ọjọ́ yẹn ní Bẹyẹrúnká, igbá jàre ẹsẹ̀.

Ọmọ kò dé. Ní ọdún kìíní, wọ́n ní kò tíì pẹ́. Ní ọdún kejì, wọn kò pe orúkọ Sẹ̀gilọlá mọ́ bí kò bá sí nítòsí, ìyàwó tí igbá ò fọ́ fún ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó yá, ẹnu wọn gbòòrò. Wọ́n yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ adìyẹ, wọ́n ní ẹyin òbu ni. Wọ́n yá a lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ tó ti ṣá ni. Wọ́n tún lọ sọ́dọ̀ amọ̀kòkò, wọ́n ní ìkòkò tó ń jò, ta ni yóò pọnmi sí i? Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ohun tí kò pé, tí kò dára, tí kò wúlò mọ́, àwọn obìnrin ilé náà kò sì fi ọ̀kankan nínú rẹ̀ ṣòfò. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ò jẹ́ sọ lójú ewúrẹ́ wọn, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ, nígbà mìíràn wọn kì í tilẹ̀ dúró kó kọ ẹ̀yìn.

Ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà korò ni pé Àtọ́kẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Sẹ̀gilọlá mọ ìtọ́jú, kì í fèsì, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó ní òun fẹ́ kọ́ igbá gígán, Àtọ́kẹ́ sì fi òòlu kan ta á lọ́rẹ. Àwọn méjèèjì jọ ń jókòó l'Ọ́jà'ba ní ìdí ògiri, òkè Màpó níwájú wọn, ìyàwó ń ríran ju ìyá ọkọ lọ, òun ló ń ki ìko bọ ihò tó bá kéré. Àwọn tó ń kọjá rò pé ìyá àti ọmọ ni. Inú Àtọ́kẹ́ a dùn, kò sì jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, ọjà dá, Sẹ̀gilọlá ń gbá ẹrẹ̀ kúrò lára ẹní. Ó bèèrè láìgbé ojú sókè pé, "Ìyá, igbá wo ló máa ń le jù?"

"Èyí tó nípọn ni. Èyí tó ti pẹ́ lájà. Òòlu kì í fẹ́ wọ̀ ọ́."

"Ṣé irú rẹ̀ ṣòro fọ́, Ìyá?"

Àtọ́kẹ́ gbọ́ ìbéèrè náà. Ó yé e pátápátá. Nínú ara rẹ̀, ó ní òun yóò sọ ọ́ báyìí, ó tún ní kí òjò kọ́kọ́ dá. Nígbà tí òjò dá, ẹnì kan gbé àdému tí ìdérí rẹ̀ ti sán wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sẹ̀gilọlá kò bèèrè mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sún un síwájú. Bí ọjọ́ kan bá kọjá lórí irọ́, ọjọ́ kejì a sọ ọ́ di ìkòkò tí a ti dé, tí kò sí ẹni tó fẹ́ ṣí i. Bó bá jẹ́wọ́ pé igbá òun ló nípọn jù, wọn kò ní bi í ní ti igbá mọ́. Wọn yóò bi í pé, kí ló wá ń wò tí wọ́n fi ń bú ọmọ náà látọjọ́ yìí? Ìbéèrè yẹn ló ń sá fún. Ó ń sá fún un láàárọ̀, ó ń sá fún un lórí ẹní ìkírun, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni.

Ọdún tí wọ́n gba òmìnira, tí àsíá ṣì wà lójú pópó káàkiri, Bàbá Sàídì pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà. Ó jókòó lórí awọ, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ sí àárín. Yésúfù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń yọ òwú kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára òwú náà títí ọ̀rọ̀ fi parí.

"Ẹ̀yin ará ilé," Bàbá Sàídì bẹ̀rẹ̀, "àwọn kan ní kí Yésúfù fẹ́ ìyàwó mìíràn. Èyí ò burú, ẹ̀sìn gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn kan tún ní kí Sẹ̀gilọlá máa lọ sílé bàbá rẹ̀, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ló ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tó dé pé kì í ṣe tiwa. Èmi ò lè torí igbá lé ọmọ ọlọ́mọ. Àtọ́kẹ́, ìwọ lo ni igbá, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kóo sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Ṣé igbá yẹn ló le ni, àbí báwo?"

Wọn kò tíì bi Àtọ́kẹ́ ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó le: ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ, Sẹ̀gilọlá yóò sì jókòó sílé ọkọ rẹ̀, kódà bí ìyàwó mẹ́ta bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó sì gbé e lé Àtọ́kẹ́. Kò bẹ̀bẹ̀, kò mi orí. Ó kàn ń wò ó bí ẹni ń wo ẹni tí wọ́n jọ dá ìpàdé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Ìyá Gàfárù fi ọwọ́ lẹ́rán, ó ń dúró.

Ìdúró Ìyá Gàfárù yẹn ni Àtọ́kẹ́ rí. Ó rí i bí yóò ti yí padà sí àwọn ìyàwó ilé, tí yóò ní, ṣé ẹ rí i, mo sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀rù bà á, ìtìjú mú un, inú sì bí i sí Sẹ̀gilọlá tó kúnlẹ̀, nítorí pé ọmọ náà ló fà á tí wọ́n fi ń bi òun ní ìbéèrè. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá ṣẹ̀ ló máa ń rọrùn jù láti bínú sí.

"Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, Bàbá," Àtọ́kẹ́ wí, "kì í ṣe igbá."

Àwọn obìnrin tó ti ń pe Sẹ̀gilọlá ní ẹyin òbu pàápàá gbé ọwọ́ lé ẹnu. Wọ́n mọ Àtọ́kẹ́. Wọ́n mọ̀ pé kì í pe awẹ́ igbá tí ajá ti gé jẹ pàápàá ní ohun tó bàjẹ́. Bàbá Sàídì wo ilẹ̀, tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Sẹ̀gilọlá kò sunkún. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún, ó tún ìró ró.

"Mo gbọ́, Ìyá," ló wí.

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó mú, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Yemẹtu. Yésúfù ló gbé àpótí rẹ̀ dé títì, ó padà wá, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Àtọ́kẹ́ bá òòlu tó fi ta ọmọ náà lọ́rẹ lórí ẹní, ọmọ náà ti nù ún mọ́ tónítóní.

Bọ́lánlé ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé e, ọmọ Molété, ó sanra, kì í sì í bo ọ̀rọ̀ mọ́nú. Lọ́tẹ̀ yìí, Àtọ́kẹ́ fúnra rẹ̀ lọ ra igbá lọ́wọ́ onígbá mìíràn ní ìpẹ̀kun ọjà, níbi tí wọn kò ti ní mọ̀ ọ́n. Ó ṣa èyí tó fẹ́lẹ́ jù. Bọ́lánlé kàn gbé ẹsẹ̀ lé e ni, ó fọ́ wẹ́wẹ́ káàkiri ẹnu ọ̀nà débi pé adìyẹ sá. Wọ́n kà á títí wọ́n fi dàrú. Ìyá Gàfárù jó. Àtọ́kẹ́ náà jó, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí òun ti ra igbá náà.

Ọmọ kò dé. Wọ́n retí títí, wọ́n ṣe tírà, wọ́n mu àgbo, ọmọ kò dé. Ṣùgbọ́n Bọ́lánlé kì í ṣe Sẹ̀gilọlá. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, tí àwọn ìyàwó ilé ń gún èlùbọ́, ó gbé ẹrù rẹ̀ sí àárín àgbàlá, ó di gèlè rẹ̀ le.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, igbá tèmi fọ́ o! Gbogbo yín lẹ kà á, ẹ ò kà á tán. Ọmọ dà? Ìyàwó méjì ló ti gba ọ̀dọ̀ Yésúfù kọjá. Ẹ lọ bi ọmọ yín!" Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó kọjá láàárín odó, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró.

Nígbà náà ni ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ fún Yésúfù. Wọ́n wá a tìṣọ́ratìṣọ́ra. Wọ́n ní àsìkò ni kò tíì tó. Wọ́n ní iṣẹ́ ìjókòó ló ń mú ara rẹ̀ gbóná. Wọ́n ní Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ, a kì í bá Ọlọ́run jà. Àwọn kan náà ni o, ẹnu kan náà ni. Kò sẹ́ni tó rántí adìyẹ, kò sẹ́ni tó rántí ilẹ̀ àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa ìkòkò tó ń jò sì pòórá. Yésúfù kọjá láàárín wọn, wọ́n ń kí i pẹ̀lẹ́, Àtọ́kẹ́ sì jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń ṣe é bí ẹni pé kó dìde kó sọ̀rọ̀ sí wọn, ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ?

Ìyá Gàfárù ló mú ìròyìn wá. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló dùn Àtọ́kẹ́ jù. Ó wá jókòó tì í bí ẹni wá kí aláìsàn, ó ní, "Sẹ̀gilọlá ti bímọ. Awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ọládiípọ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ló fẹ́ ẹ. Ọmọkùnrin kan ti ń rìn, òmíràn sì wà nínú." Ó tún wí pé, "Ó yẹ kóo lọ kí i, Àtọ́kẹ́."

Ó tó oṣù kan kó tó lọ. Ó ra ọṣẹ àti pọ́dà ọmọ, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó gba Bẹẹrẹ kọjá, ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ilé tí wọ́n júwe fún un kò jìnnà sí ilé ìgbẹ̀bí. Aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà wà lórí okùn níwájú ìta, Sẹ̀gilọlá ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti sanra díẹ̀, oyún rẹ̀ ti hàn. Nígbà tó rí ẹni tó ń bọ̀, ó gbé aṣọ lé èjìká, ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ kú àbọ̀, Ìyá. Ṣé àlàáfíà ni? Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Ó gbé àga fún un ní pálọ̀, ó bu omi wá, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ó bèèrè Bàbá Sàídì, ó bèèrè Ìyá Gàfárù, ó bèèrè Yésúfù pẹ̀lú ohùn tó tẹ́jú. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí pé kò ṣe. Àtọ́kẹ́ mu omi náà tán láìmọ̀ pé òun ń mu ún. Ó gbé ife sílẹ̀, ó fẹ́ yọ̀ kúrò lórí àga kó kúnlẹ̀, Sẹ̀gilọlá sì yára di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ má ṣe é, Ìyá. Ẹ má fi ìyẹn kún un fún mi."

Àtọ́kẹ́ padà jókòó. "Mo ṣẹ̀ ọ́," ló wí. "Igbá yẹn ló nípọn. Láti òkè àjà ni mo ti sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin tó lè fọ́ ọ. Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ."

"Èmi náà mọ̀, Ìyá."

"O mọ̀?"

"Ẹsẹ̀ tèmi kọ́ ló tẹ̀ ẹ́? Ó dùn mí dé ìbàdí. Mo ń tiro wọ yàrá lọ́jọ́ náà, Yésúfù rò pé ojú ló ń tì mí." Ó ń ká aṣọ funfun kan lórí itan bó ti ń sọ̀rọ̀. "Ìyàwó tuntun kì í sọ pé igbá ìyá ọkọ òun le. Mo ní ẹ̀yin lẹ ó sọ ọ́. Ojoojúmọ́ tí a bá jókòó l'Ọ́jà'ba ni mo ń sọ fún ara mi pé òní ni Ìyá máa sọ ọ́. Wọ́n ń bú mi, n kì í sunkún, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ilé yẹn tó mọ òótọ́, ẹni náà sì fẹ́ràn mi. Ohun tí mo fi ń gbé ibẹ̀ nìyẹn, Ìyá. Ọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù sọ, mo ti gbàgbé rẹ̀."

Omijé bọ́ lójú Àtọ́kẹ́. Ó fi etí gèlè nù ún. Ó ní, "Dárí jì mí, ọmọ mi."

"Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Nínú ìjọ wa, ẹni tí kò bá dárí jini, àdúrà rẹ̀ kì í gòkè. Mo sì ní àdúrà tí mo ń gbà." Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òun ti jẹun.

Àtọ́kẹ́ ṣí ọwọ́ lára ọṣẹ àti pọ́dà tó kó wá, ó gbé wọn sórí tábìlì, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kí n rí ọmọ náà. Jẹ́ kí n gbé e díẹ̀, kí n ṣàdúrà fún un, kí n tó máa lọ."

Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan ló pààlà pálọ̀ àti yàrá. Sẹ̀gilọlá wo kọ́tìnì náà, ó wo ẹnu Àtọ́kẹ́.

"Ó ń sùn, Ìyá," ló wí.

Bó ti sọ ọ́ tán, ohun kan já bọ́ ní yàrá, ọmọ kan sì bú sẹ́rìn-ín. Ohùn obìnrin àgbà kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ fún un pé kó dákẹ́, ẹ̀rín náà sì rẹlẹ̀ bí ẹni fi aṣọ bo ẹnu. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Àtọ́kẹ́ wo Sẹ̀gilọlá. Sẹ̀gilọlá kò yí ojú padà.

"Ó ń sùn," ó tún wí, jẹ́jẹ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Àtọ́kẹ́ fèsì. "Ọmọdé a máa sùn lọ́sàn-án. Bó bá jí, bá mi kí i."

Sẹ̀gilọlá sìn ín dé ojú títì, ó kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, ó ní kó bá òun kí ilé. Àtọ́kẹ́ súre fún un, ó kọjú sí ọ̀nà Bẹẹrẹ. Ó ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan nígbà tó gbọ́ ohùn Sẹ̀gilọlá lẹ́yìn, tó ń pe ọmọ náà pé kó jáde síta wá ṣeré.